Ìka Òsì

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1988, Ògúnwálé gbé kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà wọ ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì gbé e ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá rẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Oṣù mẹ́jọ ṣáájú, òun àti Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ jà láàárọ̀. Ògúnwálé ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Morẹ́nikẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì náà gbiná lójú ọ̀nà. Obìnrin méjì ni àwọn tó sáré débẹ̀ rí fà jáde. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ṣì ń mí, báàgì Morẹ́nikẹ́ sì wà lábẹ́ apá rẹ̀.

Iná ti jó ojú rẹ̀. Kò ríran mọ́, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ìyá Morẹ́nikẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ògúnwálé ní tirẹ̀ ń wá láràárọ̀ kó tó lọ síṣẹ́. Ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu. Ó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú bàtà rẹ̀ wá láti ilé, bàtà náà sì tóbi fún un.

"Àìsàn ń jẹ ara, Tíṣà," ni Nọ́ọ̀sì Deborah wí.

Ògúnwálé gbé bàtà náà padà sílé.

Ìka kan ṣoṣo lọ́wọ́ òsì ló ń mì, díẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i. Dókítà ní iṣan lásán ni. Físíìsì ni Ògúnwálé ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò bá a jiyàn. Ó gé bébà fàdákà inú páálí sìgá sí méjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí pẹlẹbẹ, ó so wáyà mọ́ wọn, ó sì ki ẹnu wáyà náà sí ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Ó tẹ́ páálí náà sábẹ́ ìka tó ń mì. Lẹ́yìn náà ó fi èdè BASIC kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́rìnlélógún. Ètò náà á máa bi ihò yẹn léèrè léraléra pé nọ́ńbà wo ló wà níbẹ̀. Bí ìka bá sinmi, 127 ni. Bí ìka bá tẹ fàdákà méjèèjì pọ̀, 95 ni. Kọ̀ǹpútà á máa gbé lẹ́tà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti A dé Z, Ògúnwálé á máa pè é sókè. Lẹ́tà tí 95 bá bọ́ sí ni kọ̀ǹpútà á tọ́jú. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ sí i létí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, 127 ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Gàfárù wá kí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Táílọ̀ ni, ẹ̀bá Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ní ó kú nínú bọ́ọ̀sì náà.

"Ẹ kú ìtọ́jú o, Tíṣà. Ó yẹ kí n ti wá tipẹ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé e."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."

"Ọjọ́ náà gan-an la sin Àṣàbí tèmi. Wọ́n ní kí n má ṣí aṣọ wò ó. Ẹ̀yin ṣì ní ẹni tí ẹ ń bọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín."

Bó ti ń sọ̀rọ̀, nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fò: 95, 127, 95, 95, 127. Ògúnwálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti wáyà mọ́ ihò dáadáa. Nọ́ńbà kò yé fò.

"Wáyà ń mì," ló wí.

Nígbà tí Gàfárù lọ tán, nọ́ńbà padà sí 127. Ògúnwálé fi ìlà méjì kún ètò náà, kí kọ̀ǹpútà má ka títẹ̀ kankan sí àyàfi bó bá pẹ́ díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Morẹ́nikẹ́, èmi ni mo ní kó o máa lọ. Ṣé o ti dárí jì mí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà. A. B. Ó dúró díẹ̀ lórí B, nítorí pé òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. 127. C. D. E.

95.

Abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ Deborah. "Ó ń gbọ́ wa! Tíṣà, ó ti ń gbọ́ wa látọjọ́ yìí!" Ó sáré lọ pe dókítà.

Ògúnwálé kò sunkún. Ó kọ E sínú ìwé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti A. Ó kọ S. Ó kọ O. Ìka náà á rẹ̀, á sinmi, á tún tẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láìwo èyí tó ti kọ ṣáájú, títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, tí dókítà àti Deborah sì ti dúró pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ìka náà kò tẹ̀ mọ́, dókítà ní kó kà á fún àwọn, Ògúnwálé sì gbé ìwé náà sókè, ó fi ohùn tó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kà á pé, "Ẹ sọ fún Gàfárù pé Àṣàbí kò kú."