Òkété Gba Ayálégbé

Àlọ́ mi fò sókè, ó balẹ̀ gbìì lẹ́nu ihò Òkété.

Èékánná ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ihò náà, ó sì dá ojú ọ̀nà kejì sẹ́yìn, ó fi ewé bò ó. Nígbà tó gbọ́ pé onílé a máa jẹun láìlàágùn, ó kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì gba Ejò sílé. Ẹyìn ni Ejò yóò máa fi san owó ilé. Ẹnu Ejò dùn, Òkété ò sì bi í léèrè ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Ejò tí kò gbẹ́ ihò rí láyé rẹ̀!

Oṣù pé, Òkété lọ gba ẹyìn. Ejò yọ orí, ó pòṣé.

"Ẹni tó wà nínú ilé ló nilé. Bó o bá láyà, wọlé wá."

Inú bí Òkété. Ó dúró gbọn-in, ó kọrin:

Èmi ni mo gbẹ́lé yìí o,
*Wọ́ jáde, Ejò, wọ́ jáde!*
Ẹnu dídùn lo fi wọlé,
*Wọ́ jáde, Ejò, wọ́ jáde!*
Bó ò jáde, mo gba ẹlòmíì,
*Wọ́ jáde, Ejò, wọ́ jáde!*

Ejò rẹ́rìn-ín, ó sùn.

Òkété bá yí sẹ́yìn, ó ṣí ewé kúrò, ó to ẹyìn láti ibẹ̀ dé ojú ọ̀nà ìjàlọ, èèrà tí kì í pẹ́ níbì kan. Ìjàlọ tẹ̀lé ẹyìn, wọ́n ya wọlé.

Ejò já síta, ó ń japoró. "Ta ló gba àwọn wèrè yìí sílé?"

"Èmi onílé ni. Bó o bá láyà, padà wọlé."

Ìjàlọ kọjá lọ. Òkété wọlé rẹ̀. Bí mo bá purọ́ níbẹ̀, kí ayálégbé gba ilé mi.