Irin Tó Ń Di Rélùwéè Mú

Òṣìṣẹ́ rélùwéè kúnlẹ̀, ó ń wá àwọn irin kéékèèké tó ń di ojú irin mú kó má baà sún síwá sẹ́yìn. Wọ́n tún ti dín.

"Ìwọ lò ń tà wọ́n!" ni ọ̀gá rẹ̀ jágbe. "Bó bá tún dín lọ́la, má wulẹ̀ padà wá."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n!"

Ó fi ìbínú rìn délé. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí àkàbà, ó ki òòlù ọkọ rẹ̀ bọ ìbàdí, ó ń to àwọn irin kéékèèké náà sórí páànù òrùlé wọn.

"Yéè! O pa mí!"

"Bàbá Ọmọ mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní òun ló ń di rélùwéè mú? Kí wá ni páànù?"

Afẹ́fẹ́ gbá. Páànù àwọn aládùúgbò ń pariwo gbàgà-gbàgà. Tiwọn ò tilẹ̀ mira.