Igún Méjì Tó Kù Lórí Àràbà

Igún méjì péré ló kù lórí igi àràbà tó wà lẹ́yìn odò ẹran ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí Shamsudeen alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, igún ibẹ̀ kò ṣeé kà tán. Àwọn alápatà á dúńbú màlúù, wọ́n á da ìfun tí kò wúlò sẹ́yìn, igún á sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti da kankéré sílẹ̀, tí wọ́n sì bo gọ́tà, omi ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ebi lé àwọn kan. Àwọn kan kú sọ́wọ́ ọdẹ. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún: kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, àmọ́ orí igún kì í pẹ́ lórí àtẹ.

Lọ́dún yìí, àwọn méjì tó kù sàba lórí ẹyin kan ṣoṣo, ó sì di ọmọ. Ẹ̀yẹolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, a máa wọkọ̀ wá wò wọ́n ní gbogbo Sátidé.

"Bàbá, a ti wá gbogbo ọ̀nà láti Ògbómọ̀ṣọ́ débí, a ò rí ìtẹ́ mìíràn," ó wí. "Tí ọmọ yìí ò bá fò, ó tán nìyẹn."

"Á fò, in shaa Allah. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án níṣojú mi."

Anas ni Shamsudeen ní lọ́kàn. Anas ń ta orí ẹran àti awọ gbígbẹ fún àwọn oníṣègùn nítòsí ọjà Akẹ̀sán, ó sì ti wá sódò ẹran lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan.

"Àlàájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí ọ̀kan bá kú fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ kú," ni Shamsudeen dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé bẹ́ńṣì rẹ̀ sábẹ́ àràbà.

Ó ní màlúù kan nílé tó ń sìn de Iléyá. Orúnkún ẹ̀yìn rẹ̀ wú, kò lè dìde. Dókítà ẹran wá gún un lábẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta léraléra. Ìrora náà lọ sílẹ̀, màlúù náà dìde, ó jẹ koríko díẹ̀. Ní àárọ̀ Túsìdeè, nígbà tí Shamsudeen ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá a tó ti kú.

Kareem, tí wọ́n jọ ń pa ẹran, fọwọ́ kan ọrùn màlúù náà.

"Ara ẹ̀ ṣì gbóná. Fi ọ̀bẹ kàn án. Ta ló máa mọ̀?"

"Ọlọ́run," ni Shamsudeen wí. "Òkúǹbete ni, ó ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án. N ò ní í fún ọmọ ẹlòmíì jẹ."

Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́. Kò sì fẹ́ sin màlúù náà kó ṣòfò. Wọ́n fi ọmọlanke gbé e dé abẹ́ àràbà, ó la ikùn rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó sì mú igi jókòó tì í kí ajá má baà débẹ̀. Àwọn igún sọ̀ kalẹ̀. Akọ jẹ títí kò fi lè fò. Abo ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbé ẹran fún ọmọ. Ó tó ọdún kan tí Shamsudeen ti rí i gbẹ̀yìn tí wọ́n yó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín.

"Sàárà ni," ó sọ fún Kareem. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn méjèèjì bo ìyókù màlúù náà mọ́lẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, akọ kọ́rùn sílẹ̀ lórí ẹ̀ka, kò gbé e mọ́. Nígbà tí wọ́n fi kírun Jímọ̀ tán, ó ti dojú bolẹ̀ nísàlẹ̀ igi. Abo tẹ̀ lé e kí oòrùn tó wọ̀. Ní Sátidé, nígbà tí Ẹ̀yẹolúwa dé, wọn ò gbọ́ ohùn ọmọ mọ́. Ẹlẹ́mu kan gun igi, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú fìlà rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kúlà, ó gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún àyẹ̀wò.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Kareem wí. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìyókù.

Wọ́n mú Anas wá. Ó gbé Àlùkùránì, ó fi búra.

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo fún wọn ní májèlé, ṣé n ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ni? Orí wọn pé. Ìyẹ́ wọn pé."

Shamsudeen fúnra rẹ̀ ló ṣáájú àwọn tó lọ wó ìsọ̀ Anas. Ní Wẹ́síde, Anas kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n fìlú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Shamsudeen ṣì ń jókòó lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ láràárọ̀. Yóò ju ẹran díẹ̀ sílẹ̀, yóò gbójú sókè. Ajá ló ń jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, fóònù rẹ̀ dún.

"Bàbá, ẹ kúùrọ̀ o, èsì ti dé, kì í ṣe májèlé rárá," ni Ẹ̀yẹolúwa wí, "abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n máa ń gún màlúù ló ba kíndìnrín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́, torí náà ẹ dákun, ẹ bá mi wádìí, ta ló fún wọn ní òkú màlúù jẹ lọ́sẹ̀ yẹn?"