Lékeléke Tí Kò Fẹ́ Fò

Lékeléke tó jẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ fídíò kan tún kẹ̀yìn sí fíìmù tí Ìbídùn ń ṣe níbẹ̀ nípa ìyá rẹ̀ tó ti kú. Nígbà tí ìyá Ìbídùn wà láyé, àwòrán lásán ni ẹyẹ yìí níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Nígbà tó yá, ó ń ju apá. Ní báyìí, ó máa ń kọ́kọ́ wo fíìmù ná, èyí tí kò bá sì fò fún kò gbọdọ̀ dé ilé ẹnikẹ́ni.

"Ẹyẹ ti wá di ọ̀gá wa," ni Lájídé tó ń bá Ìbídùn gé fíìmù wí. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gé ibi tí màmá yín ti ń ránṣọ. Wọn ò kúkú sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Fi ìyẹn sílẹ̀, gbogbo àsọtúnsọ táwọn èèyàn ń sọ nípa wọn ni kí o gé. Ibi ìránṣọ yẹn nìkan ni mo ti lè rí ìyá mi."

"Tí ẹyẹ ò bá wá fò ńkọ́?"

"Kó jókòó."

Lájídé gé àsọtúnsọ kúrò. Lékeléke yíjú padà, ó rìn wọ inú fíìmù lọ, ó sì bà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Ìbídùn rọra fa aṣọ sẹ́yìn fún un.

"Àǹtí, ṣé màmá yín ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú fíìmù yìí?"

"Rárá o."

Lékeléke na apá, ó fò. Ìyá náà gbójú sókè, ó ń wò ó lọ.