Ẹyẹ Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Láti oṣù kẹsàn-án ni àwọn ẹyẹ akùnyùn ti ré òkun kọjá lọ síbi tí oòrùn wà, ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésì, ọ̀kan ṣì ń wá mu omi ṣúgà nínú ìgò tó wà lẹ́yìn ilé kan létí odò, ní gúúsù Luisiánà, ní Amẹ́ríkà. Ẹyẹ ọ̀hún kò ju àtàǹpàkò lọ. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá ti ń kùn bí oyin báyìí, Eulalie, obìnrin tó ń sùn nínú ilé náà, á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé òun tún rí òwúrọ̀ kan sí i láìsí ẹni tó kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rù ọkùnrin kan ló ń bà á. Nítorí rẹ̀ ni kì í fi í tan iná pálọ̀, tí kì í sì í dáná bó ti wù kí òtútù mú tó, kí èéfín má baà tú u fó. Bí fóònù bá dún, á dúró gbọn-in títí á fi dákẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, ọkùnrin náà ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ ń dún bí ìbọn. Ọjọ́ tó bá dé, òun gbé nìyẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe ọkùnrin rárá. Obìnrin kan ni, Renella, tó fi awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn. Ẹyẹ tí wọ́n máa ń kà lọ́dọọdún nígbà Kérésì ló ń kà kiri. Ó yọjú lórí ọgbà, ó sì fi igbe ta.

“Yéè! Àǹtí, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ní níbí? Ẹ wo ìdí ìrù ẹ̀, ó pọ́n bí irin tó dípẹtà. Tàwọn tibí kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn lèyí ti wá o!”

“Jọ̀ọ́, má sọ fẹ́nikẹ́ni.”

“Kí n rí irú èyí kí n panu mọ́? Ikùn mi á bẹ́!”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, èèyàn mọ́kànlá ti wá dúró létí ọgbà. Eulalie ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ti dúró lójú ọ̀nà, á sá wọ yàrá.

“Ta lẹ ń sá fún gan-an?” Renella bi í, nígbà tó gbé abọ́ ọbẹ̀ gọ́mbò wá fún un.

“Ọkùnrin kan ni. Tó bá bá mi níbí, ó parí.”

Renella pòṣé. “Ọkùnrin, ọkùnrin! Kó wá ná, kó wá wo ohun tójú ẹ̀ máa rí.”

Eulalie mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Bí kò bá sí ìgò, kò ní sí ẹyẹ. Bí kò bá sí ẹyẹ, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó já ìgò náà sílẹ̀. Ìrì dídì ti bo koríko. Ẹyẹ náà dé, ó dúró lójú afẹ́fẹ́ níbi tí ìgò máa ń wà, ó wá yí padà, ó ń wo ojú rẹ̀. Eulalie bú sẹ́kún, ó sì so ìgò náà padà.

“Ìwọ lo máa pa mí,” ó wí fún un.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá rìn dé géètì. Kò gbé kámẹ́rà. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ ǹlẹ́ o, Madame. Mo rí ẹyẹ yín nínú ìwé ìròyìn. Ṣé mo lè jókòó wò ó díẹ̀?”

Àyà Eulalie balẹ̀. Arúgbó yìí kò lè lu eṣinṣin. Ó gbé àga fún un, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ẹyẹ náà.

“Báwo lẹ ṣe ń po omi ẹ̀?”

“Ife ṣúgà kan, omi mẹ́rin. Mi ò kì í fi aró sí i.”

“Bí ìyàwó mi náà ti ń pò ó nìyẹn, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.” Ó gbójú sókè wo òfuurufú. “Omi á dì lálẹ́ òní o. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná máa kán díẹ̀díẹ̀, páìpù abẹ́ ẹ̀ máa ń bẹ́.”

Eulalie dúpẹ́. Ìgbà tó dúpẹ́ tán ló tó bi ara rẹ̀ bí bàbá náà ṣe mọ páìpù inú ilé.

Bàbá náà dìde, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ní, “Ẹyẹ yẹn ò ní lọ títí di oṣù kẹta, ẹ̀yin náà ẹ má tíì lọ, ṣùgbọ́n ẹ yéé gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi.”