Ìwé Tí Ìyá Ìbídùn Fi Ọ̀rá Bò

"Bí Àǹtí Ìbídùn bá ti jẹ́ tíṣà, kí ló dé tí wọ́n tún fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà?"

Ṣíjúadé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀. Bàbá rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ìbídùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ṣàlàyé. Ìyá wọn ló wá jágbe mọ́ Ṣíjúadé pé, "Mu ẹ̀kọ rẹ, jàre. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn." Bẹ́ẹ̀, òun gan-an kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àléébù obìnrin náà nìyẹn. Ní Ìgbájọ tí wọ́n ń gbé, aránṣọ tó mọṣẹ́ dunjú ni, ìfẹ́ ọmọ sì pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀: "N kò mọ̀." Ohun tí kò bá yé e, orí ni yóò mì sí i.

Ìbídùn ti gba ìwé-ẹ̀rí NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé kékeré kan. Ó wá fẹ́ tẹ̀síwájú lọ sí yunifásítì, kí ó lè gboyè nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní, pé ọdún kejì ni òun máa bá wọlé. Ìyá mi orí. Nínú ikùn rẹ̀, ó ń rò ó pé: báwo lèèyàn ṣe ń wọ ọdún kejì ní ilé-ìwé tí kò dé rí? Àbí wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì ni? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, orí rẹ̀ dàrú. Síbẹ̀ kò béèrè.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ìbídùn gba àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Inú àpò ìwé ni wọ́n fi í sí, wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni yunifásítì kò ní gba ìwé ẹnikẹ́ni mọ́. Ìbídùn fi àpò náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ọjọ́rú ni òun yóò gbé e lọ.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, tí ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá rí i tí òjò ṣú. Ó rántí ìwé-ẹ̀rí ìwé mẹ́fà tirẹ̀, tí òjò wọlé bá nínú àpótí, tí gbogbo rẹ̀ sì rà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára àpò ìwé yìí, kò sì lè kà á délẹ̀. Ó rọra ṣí i, ó mú ìwé inú rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá bo ìwé. Nígbà tí wọ́n máa dá a padà fún un, ó ń dán bíi dígí.

"Ìbídùn, ọmọ mi, wá wò ó!" ló ń ké nírọ̀lẹ́. "Òjò ò lè fọwọ́ kàn án mọ́ láyé!"

Ìbídùn wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Màámi! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i, àfi yunifásítì. Wọ́n á ní mo ti yí máàkì mi ni!"

"Wọ́n kọ ọ́... síbo?"

Bàbá wọn wúkọ́. "Sọ fún wọn pé eku ló já ẹnu àpò náà."

"Bàámi, ṣé eku náà ló tún fi ọ̀rá bò ó?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá wé gèlè, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Akọ̀wé tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ máàkì, Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè, bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ṣí i?"

Ìbídùn kò tíì sọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi bọ́ síwájú. "Èmi ni, sà. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni. N kò mọ̀, n kò sì béèrè."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹnì kan ní ewúrẹ́ ló jẹ tòun, ẹnì kan ní ọlọ́kadà ló gbé tòun lọ. A ṣì ń wádìí ọ̀rọ̀ wọn. Tiyín ò nílò ìwádìí."

Ó kọ ohun tí ìyá sọ sílẹ̀, ìyá sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n tẹ òmíràn. Ìránṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ, ó sì dé yunifásítì lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí ẹní. "Ó yá, kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún kejì?"

"Màámi, ọdún mẹ́ta tí mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n kà sí ọdún kìn-ín-ní."

"Ọdún mẹ́ta ló di ẹyọ kan? Kò yé mi o."

"Kò fi bẹ́ẹ̀ yé èmi náà, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá ń béèrè, ọmọ ń dáhùn. Ṣíjúadé ti sùn sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, bàbá ti ń han-run. Nígbà tó yá, Ìbídùn sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀. Ìyá fi aṣọ bò ó, ó dùbúlẹ̀ tì í, oorun sì gbé òun náà lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, orúkọ Ìbídùn jáde lára àwọn tí yunifásítì gbà sí ọdún kejì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi tọ́jú ohun tí kò yé wa. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀, ojú lè tì í fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń mi orí sí ohun gbogbo lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́ lọ́jọ́ kan. Abèèrè kì í ṣìnà.