Ràkúnmí ní Ibodè Kìnnìún

Àlọ́ mi rin aṣálẹ̀ já, ó bá Ràkúnmí níbi tó ti ń ru iyọ̀ lọ sí ìlú Kìnnìún. Nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan, Kìnnìún a gba ìdajì ní ibodè, a sì fi í ra wúrà.

Lọ́jọ́ kan, Ràkúnmí ní, “Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n lá díẹ̀ nínú iyọ̀ yìí.”

Kìnnìún rẹ́rìn-ín. “Ìwọ oníké yìí! Ta ló ni ọ̀nà?”

Ràkúnmí yí padà, ó ń kọrin:

Ta ló ni ọ̀nà?
— Ẹsẹ̀ tó ń rìn ín.

Gbogbo ràkúnmí yòókù tó ń ru iyọ̀ gbè é, wọ́n kó iyọ̀ lọ sí ìlú tí aláàárù ti ń lá nínú ẹrù rẹ̀.

Iyanrìn bo ibodè. Kìnnìún ṣì jókòó ti wúrà rẹ̀, ó ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.